Ọjọ́ A Bá Kú Là Ń Dère

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ilé òkú la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, níbi tí wọ́n ti ń yin ẹni tí wọn ò bojú wò nígbà tó wà láyé. Àmọ́ tí a bá gbé e dé ìdí ọ̀rọ̀ ogun, l'Abẹ́òkúta níbí, ìdajì rẹ̀ ló ṣẹ. Ọ̀pọ̀ kú, wọn ò dère.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1851, Gẹ́zò ọba Dàhọ̀mì (ní ilẹ̀ Benin òde òní) kógun dé odi Àró, tobìnrin tọkùnrin. Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ní 1864, Glèlè ọmọ rẹ̀ tún dé, òun náà sá lọ. A mọ Ẹfúnróyè Tinúbú tó pèsè ẹ̀tù àti ọta. Ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá, gbàgede kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ l'Ékòó. Ó tọ́ sí i. Ta wá ni àwọn tó po amọ̀ tún odi ṣe kí ogun tó dé?

Èyí tó ń dùn mí jù ni Ogun Adùbí. Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira ní 1914, owó orí sì tẹ̀ lé e. Ní oṣù Òkudù 1918, àwọn ará oko dìde: wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà Ẹ̀gbá. Ìjọba òyìnbó rán ṣójà sí wọn. Lára ṣójà ọ̀hún ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Jámánì (Ogun Àgbáyé Kìíní) bọ̀ láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ọta Jámánì kò pa, òun ni wọ́n ní kó wá yìnbọn fún àgbẹ̀! Ẹ̀gbá kú lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún. N kò lè di ẹ̀bi ru ṣójà náà ju ẹni tó rán an níṣẹ́ lọ.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìjọba ń gbé òdòdó síbi ìrántí àwọn ṣójà, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìjọba ni àwọn ará Adùbí bá jà, wọn kò sí nínú àwọn tí à ń kà lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ agbo ilé ni tiwọn. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ lọ bá àgbà ilé yín, ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ló jáde lọ́dún Adùbí tí kò wọlé mọ́. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀, àti abúlé rẹ̀.

Ìdajì òwe tó kù, pé ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè, ńkọ́? Bàbá tó jagun ní Làìbéríà, tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì ládùúgbò yín, ṣì wà láàyè. Ẹ bá wọn kọ lẹ́tà wọn, ẹ bá wọn dé ọ́fíìsì, kí ẹ sì béèrè orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ tí kò bá wọn bọ̀.