Kí Màámi náà lè dé orí òkè Ìràgbìjí

Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé Òṣogbo, mi ò gun òkè kankan rí àfi nínú oṣù kẹjọ tó kọjá yìí. Ẹ sì wo orúkọ àdúgbò wa: Òkè-Fíà, Òkè-Baálẹ̀, Òkè-Ayépé, Òkè-Ìjẹ̀tù. Òkè kún ẹnu wa, ṣùgbọ́n ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti gba gbogbo ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúró síbi gíga kó wo ayé káàkiri, àfi kó wọkọ̀.

Ìràgbìjí ni èmi àti Màámi wọkọ̀ lọ. A gba Ìkìrun kọjá. Ìràgbìjí ni wọ́n ti bí ìyá tó bí Màámi, bí wọ́n sì ṣe rí àpáta lókèèrè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìlú náà: "Ìràgbìjí, olókè méjì, tako tabo." Ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bá wá lo họ́lidé lọ́dọ̀ ìyá àwọn àgbà, ẹsẹ̀ lásán làwọn fi ń sáré gun òkè yẹn.

Orúnkún ti ń dùn wọ́n báyìí. Ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀ sí í dagun ni wọ́n ti jókòó, wọ́n ní kí n máa lọ.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ojú ọ̀run mọ́ kedere. (Àsìkò òjò ló dáa láti lọ, torí bí ọyẹ́ bá dé, kùrukùru á bo gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra fún ojú àpáta tó dúdú, níbi tí omi máa ń gbà ṣàn. Ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá.) Nígbà tí mo débi tí mo lè dé, mo rí páànù ilé tó ti dípẹtà, ọ̀pẹ, oko, àti òkè lẹ́yìn òkè títí wọ́n fi rí bí aṣọ aró. Wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí kan nísàlẹ̀, àfi bíi pé ẹ̀gbẹ́ mi ni ẹni tó ń pè é dúró sí. Mi ò lè kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

Mo ya fọ́tò. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Màámi gba fóònù, wọ́n ń fi ìka fẹ àwòrán náà, wọ́n ń wá ilé ìyá wọn àgbà. Wọn ò rí i. Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Ó dùn mí wọra.

Èrò ọkàn mi nìyí. Wọ́n ṣe àtẹ̀gùn sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n tún ṣe ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè. Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ní ti òkè tiwa, mi ò béèrè ẹ̀rọ. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kọnkéré bo àpáta, tàbí kó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì lé e lórí. Irin tí èèyàn lè dì mú níbi tó ga gan-an, bẹ́ǹṣì méjì mẹ́ta ní agbedeméjì, àti ọmọ ìlú kan tí yóò máa mú àlejò gòkè, tí wọ́n á sì máa sanwó fún. Ìyẹn tó.

Ẹnìkan bi mí pé kí ni arúgbó ń wá lórí òkè. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Àwọn tó mọ oríkì òkè yìí ni ẹsẹ̀ ò gbé débẹ̀ mọ́. Àwa tí ẹsẹ̀ wa ṣì le, fọ́tò là ń yà, a ó tún ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sílẹ̀ ká tó sọ̀ kalẹ̀.

Mo fẹ́ mú Màámi padà lọ kí ọyẹ́ tó dé. Àbúrò mi ọkùnrin ti ní òun á bá wa lọ, ká lè dì wọ́n mú lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀yin ará Ìràgbìjí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbẹ́ wo ni ọ̀nà rẹ̀ rọlẹ̀ jù?