Búráúsà Fẹ́ẹ́rẹ́, Lẹ́tà Bí Eyín Ayùn

Ojúde Ọba kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ẹni tó bá fẹ́ yan fanda ní àwọn ọjọ́ yòókù ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Òde ti wá nǹkan ṣe sí i: wọ́n ti dá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwọn oní-Linux sílẹ̀, àwọn tó ń lo ètò Linux dípò Windows. Ẹgbẹ́ yìí kò gẹṣin, wọn kò sì yìnbọn. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú tí lẹ́tà aláwọ̀ ewé ń sáré lórí rẹ̀ ni aṣọ ẹgbẹ́ wọn, orin wọn kò sì ju ẹyọ kan lọ: "Chrome ti wúwo jù."

Chrome ni búráúsà, ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì parọ́. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) jẹ́ 2GB, ẹ ṣí tábù mẹ́jọ sí i nínú Chrome, ẹ wò ó. RAM á kún, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi díìsìkì ṣe RAM, ẹ ó rẹ gààrí, ẹ ó mu ún tán, ojú ewé kò tíì ṣí. Búráúsà fẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìdíje ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Lágbájá fi Falkon sórí ẹ̀rọ, Tàmẹ̀dò yínmú, ó lọ gbé NetSurf. Lákáṣègbè ní eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe, ó gbé Dillo. Dillo fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ lóòótọ́, nítorí kì í lo JavaScript, èdè tó ń mú ojú ewé ṣiṣẹ́, rárá. Ìdí nìyẹn tí ojú ewé báǹkì fi ń funfun báláú mọ́ ọn lójú. Bí dátà bá tán, ọ̀gá onífẹ́ẹ́rẹ́ á yọ fóònù jáde lábẹ́ tábìlì, á fi Chrome orí fóònù ra òmíràn. Kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí i.

Falkon tí wọ́n ń fi yangàn yẹn ńkọ́? QtWebEngine ni ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, láti ara Chromium, ìpìlẹ̀ Chrome, ni wọ́n sì ti gé QtWebEngine. Ẹni kan náà ló lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Fìlà ni wọ́n bá a dín kù. Facebook tí ẹ bá ṣí nínú rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ ti pàrọ̀ fìlà. Nínú ojú dúdú yẹn, ẹ tẹ `free -h`, tó ń sọ iye RAM tó kù, kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ tún un tẹ̀ lẹ́yìn tábù márùn-ún. Epiphany, búráúsà fẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn, ní tiẹ̀ ń lo ẹ́ńjìnnì WebKitGTK. Kò sí wàhálà nínú fífi wọn sórí Debian tàbí Mint, oríṣi Linux méjì: `sudo apt update`, lẹ́yìn náà `sudo apt install falkon`, tàbí `epiphany-browser`. Ẹni tó fo `update` ló máa ń pariwo pé apt kò rí nǹkan kan.

Lẹ́tà gan-an ni ìtìjú ẹgbẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí ìwé ìròyìn Yorùbá kan. Lẹ́tà á rí gbágungbàgun bí gààrí tí asẹ́ kò kàn, ní Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ gààrí kíkúná! Àwọn fúnra wọn ló fà á. Xfce, ètò tó ń ṣètò ojú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wúwo, wọ́n ní. Wọ́n lé e, wọ́n gbé i3, tó kàn ń to fèrèsé, wọlé. Wọn kò mọ̀ pé Xfce ló ń bá wọn sọ fún àwọn ètò yòókù bí wọ́n ṣe máa dán etí lẹ́tà.

Ẹni tó ti lé onílé jáde, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbálẹ̀. Ẹ tẹ `sudo dpkg-reconfigure fontconfig-config`: ẹ mú Slight níbi hinting (títo etí lẹ́tà), Automatic níbi subpixel (fífi àwọ̀ dán etí lẹ́tà), ẹ má sì gba bitmap (lẹ́tà alámì tóótòòtó) láàyè. Slight kì í ti lẹ́tà sọ́tùn-ún tàbí sósì, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń tò, nítorí náà lẹ́tà kì í pàdánù ìrísí rẹ̀. Full ló ń sọ ọ́ di igi ìṣáná. Lórí X11, ètò tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ `Xft.antialias: 1`, `Xft.hintstyle: hintslight`, `Xft.rgba: rgb` sínú `~/.Xresources`, ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì tẹ `xrdb -merge ~/.Xresources`. Bí etí lẹ́tà bá ń yọ àwọ̀ pupa àti búlúù, bóyá ẹ dá ojú kọ̀ǹpútà dúró lóòró ni. Ẹ sọ `rgb` yẹn di `none`. Ẹ pa búráúsà, kí ẹ tún un ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í pa á ni ẹ ń sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ìdánwò tó kù, orúkọ ìlú wa ló wà fún un. Ẹ kọ "Ìjẹ̀bú". Kò sí ẹ̀ olódindi nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò: lẹ́tà ẹ ni, àmì ohùn sì ń gùn ún lórí. Fọ́ǹtì (àkójọ ìrísí lẹ́tà) tí kò mọ ibi tí àmì ń jókòó á gbé e ka orí b. Ó yá, ẹ kọ "Ṣàgámù", kí Rẹ́mọ náà jẹ tiwọn. Fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún èdè Vietnam lè ní ẹ àti ọ, nítorí àwọn náà ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í lo ṣ. Búráúsà á lọ yá ṣ lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, Ṣàgámù á wá sanra lórí bí ẹni tó wé gèlè oníyàwó. `fc-list :lang=yo family` á to àwọn fọ́ǹtì tó ní lẹ́tà Yorùbá pé fún yín. Bí wọ́n bá kéré, `sudo apt install fonts-noto-core fonts-dejavu`, ẹ tẹ `fc-cache -f` tẹ̀ lé e.

Bí ṣ bá ṣì sanra lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wo ibi fọ́ǹtì nínú ètò búráúsà fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àbúrò kan ti yan Comic Sans síbẹ̀.