Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru ló ń gba ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé là. Ó ku díẹ̀ o. Oṣù méje ni mo bí tèmi n'Ílọrin níbí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbé e lé mi láyà níhòòhò, tó fi ọ̀já gbà wá pọ̀, tó ní, "Ìyá ọmọ, má mira." Láti 2022 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní kí wọ́n tètè máa ṣe bẹ́ẹ̀, wákàtí 8 sí 24 lóòjọ́.

Ẹni tó ní kí bàbá dúró síta, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ọkọ mi ló ń gbé e sáyà bí mo bá lọ fún ọmú sínú ife. Ìka ọmọ náà tín-ín-rín bí igi ìṣáná, síbẹ̀ ó di irun àyà bàbá rẹ̀ mú pinpin.