"Ábà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ọwọ́

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù: pé "Ábà" tí Jésù fi pe Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọwọ́ àwọn Júù kọ́kọ́ máa ń sọ, bí ọmọ tiwa ṣe ń pe "ba-ba-ba" kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Oníwàásù á wá ní ẹni tí kò bá lè bá Ọlọ́run ṣeré bí ọmọ ọdún méjì kò tíì mọ ìfẹ́ Rẹ̀. Èmi náà ti ṣe àmín sí i rí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibi mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ náà wà nínú Májẹ̀mú Tuntun: Máàkù 14:36, Róòmù 8:15 àti Gálátíà 4:6. Èdè Árámáíkì ni. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríìkì, "pater" ni wọ́n sì lò, ọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà fi ń pe bàbá. Gíríìkì ní èyí tó jẹ́ tọmọdé, "pappas". Wọn kò fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ Joachim Jeremias, onímọ̀ Bíbélì ará Jámánì, ló gbé èrò ọmọ ọwọ́ yìí kiri jù. Òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé ọmọ tó ti dàgbà náà ń pe bàbá rẹ̀ ní Ábà láyé Jésù. Apá yìí ni àwọn tó ń tún un sọ fò. Ní 1988, James Barr, onímọ̀ Bíbélì mìíràn, kọ àròkọ kan tó tú èrò náà palẹ̀. Àwọn mìíràn tún ń fi kún un pé kò sí Júù tó pe Ọlọ́run ní Baba kí Jésù tó dé. Ẹ ṣí Àìsáyà 63:16, ẹ ó rí "ìwọ ni Baba wa" níbẹ̀.

Gálátíà 4 ló tilẹ̀ ká mi lára jù, nítorí ó tako wọn gbangba. Pọ́ọ̀lù ní àrólé tó ṣì jẹ́ ọmọdé kò yàtọ̀ sí ẹrú, abẹ́ alágbàtọ́ ló wà. Ẹni tó ti kúrò ní ipò yẹn, tó ti di ọmọ tó ń jogún, ni Ẹ̀mí ń ké "Ábà" nínú ọkàn rẹ̀.

(Nílẹ̀ wa, ẹni tó ní ọmọ-ọmọ ṣì ń pe bàbá rẹ̀ ní "Dádì". N kò bá ẹni tó ń fi í gbàdúrà jà rárá.)

Àwọn tí ẹ̀kọ́ yìí ń dá lẹ́bi ni mo ń rò. Arábìnrin kan sọ fún mi pé òun kò lè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láìkúnlẹ̀, ó sì ti gbà pé àjèjì lòun jẹ́ sí I. Ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Títí bàbá àgbà fi dolóògbé, orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá mi ti ń kí wọn láàárọ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọmọ, ìyá mi nìkan ló mọ gbèsè tí bàbá àgbà jẹ. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni ìyá mi ti ń sọ pé, "Bàbá mi, èyí tí ẹ ṣe yìí dùn mí." Ta ló máa ní wọn kò súnmọ́ra?

Ẹ wá wo ibi tí Ábà ti jáde lẹ́nu Jésù. Gẹtisémánì ni, lóru, ó kù díẹ̀ kí wọ́n wá mú un. Ọkùnrin tó ti dàgbà ni, ó sì dojú bolẹ̀. Ó ní kí Baba mú ago náà kúrò, kò fi ìrora rẹ̀ pamọ́. Ó tún ní ti Baba ni kó ṣẹ, kì í ṣe tòun.

Arábìnrin náà ṣì ń kúnlẹ̀. Nígbà tí a tún ríra, ó ní òun ti sọ fún Ọlọ́run pé inú ń bí òun sí I, láti ọjọ́ tí ọmọ òun ti kú. Kò sọ ọ́ rí.