Áfíríkà ni mo ti wá, kì í ṣe inú ààrò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fáwọn òyìnbó ibiṣẹ́ mi pé Áfíríkà ni mo ti wá, kì í ṣe inú ààrò. Tí ooru bá ti mú pẹ́nrẹ́n ní London, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á kọ́kọ́ yà sí, wọ́n á fẹyín, "ìwọ á ti máa gbádùn ara ẹ nìyẹn, ṣebí bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín nìyí." Gbádùn kẹ̀, èmi tí òógùn ti ṣàn látorí dé inú sọ́ọ̀kì! Nílé, tí ooru bá mú, èèyàn á bọ́ṣọ, á ṣẹ́ku síngílẹ́ẹ̀tì, á wá ibi tí atẹ́gùn wà jókòó sí, ta ló ń fi táì fún ara ẹ̀ lọ́rùn? Ó dáa o, àwọn ará báńkì ń wọ kóòtù, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹ́síì tiwọn lè mú kí ẹran gan.

Ìlú yìí, òtútù ni wọ́n kọ́ ilé wọn dè. Ooru tó bá ráyè wọlé mi, àlejò tí ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú ni, kò ní lọ mọ́. Ìlànà ibiṣẹ́ gan-an, òtútù ló ń gbè lẹ́yìn: wọ́n ní ọ́fíìsì ò yẹ kó tutù ju digírì 16 lọ, ó dáa bẹ́ẹ̀, ooru wá ńkọ́? Wọn ò kọ iye kankan. Wọ́n ní kó ṣáà mọ níwọ̀n. Níwọ̀n ta ni?

July 19, ọdún 2022, lojú mi rí tó. Ọjọ́ Túsìdé, ọjọ́ tí ooru kọ́kọ́ wọ digírì 40 nílẹ̀ yìí, 40.3 ni wọ́n kà ní abúlé Coningsby. Ní Mọ́ńdè tó ṣáájú ẹ̀, pápákọ̀ òfurufú Luton ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀ torí ooru ti ba ojú ibi tí bàálù ń gbà jẹ́. Kòlútà gbà pé agbára òun ò gbé e o, àmọ́ ọ̀gá mi fi íméèlì ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé àwọn kọsítọ́mà ń bọ̀ lọ́la, kí á múra bí ará ọ́fíìsì, kò sí níkà, kò sí sálúbàtà.

Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ wọ aṣọ ọ̀gbọ̀ yẹn, òun ló fẹ́lẹ́." Ọ̀gbọ̀ inú Bíbélì nìyẹn o, línìn. Mo ní kí n tó dé ọ́fíìsì á ti rí bí aṣọ tí ewúrẹ́ jẹ tó tún pọ̀. Mo bá ki súùtù dúdú onírun àgùntàn tí mo fi ṣe íńtáfíù ní January bọ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹ̀. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́! Ẹ má wọ̀ ọ́ láéláé, kì í bo àṣírí. Àfi funfun tàbí dúdú.

Central line, ọkọ̀ ojú irin tí mò ń wọ̀ lọ síbiṣẹ́, kò ní ẹ́síì. Abíyá ọ̀gbẹ́ni gíga kan sì wà lókè imú mi láti ibùdókọ̀ Stratford títí dé ibùdókọ̀ Bank, bó bá ṣe ń di irin mú náà ni mò ń dákẹ́ èémí. Nígbà tí mo fi máa bọ́ kóòtù níbiṣẹ́, máàpù ti wà lábíyá méjèèjì, ọ̀kan tún wà lẹ́yìn tó fẹ̀ tó Áfíríkà fúnra ẹ̀. Ìpàdé sì ku ogún ìṣẹ́jú.

Mo sá wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná síni lọ́wọ́? Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé apá ọ̀tún sókè, mo fi abíyá sí i. Tó bá ti kú, màá tún ju ọwọ́ síwájú ẹ̀. Ooru ni mo fi ń lé ooru, mo mọ̀, ẹ má bi mí. Ẹ̀gbẹ́ kan ti gbẹ, mo yí sí èkejì, bí ìlẹ̀kùn ṣe ṣí nìyẹn.

Ọ̀gá mi ni.

Mo wà lórí ìbẹ̀rẹ̀, apá lókè, bí ẹni tí ọlọ́pàá nawọ́ ìbọn sí. Ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ. Kò sọ nǹkan kan, ó tilẹ̀kùn, ó bọ́ kóòtù tiẹ̀. Yéè! Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin yìí ti tutù débi tí mo fi ń ka síngílẹ́ẹ̀tì ẹ̀ látọ̀ọ́kán. Ó ní kí n sún díẹ̀. Mo sún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé apá sókè, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó wá gbójú sókè wò mí, ó ní:

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe é ní Áfíríkà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.