Iná tó kọjá lójú ọ̀run lálẹ́ àná

Ìyá Alákàrà: Ẹ kú ilé o. Ta ló rí nǹkan tó kọjá lójú ọ̀run Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lálẹ́ àná? Mo ń da ẹ̀wà sínú epo lọ́wọ́ ni ọjà mọ́lẹ̀ yòò, iná aláwọ̀ ewé! Òjìji agboòrùn mi sáré lórí ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí n tó pe Jésù, ó ti wọ ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún. A tún wá gbọ́ gbì!

Ọmọ Oníṣàngó: Màmá, ẹdùn àrá nìyẹn. Kí ọmọdé má lọ fọwọ́ kàn án o.

Wolé-wolé: Àrá wo, nígbà tí òjò ò ṣú? Sátẹ́láìtì tó ti gbó ni.

Físíìsì Ò Le: Sátẹ́láìtì tó ń já bọ̀ lè lo ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀run. Èyí ò tó "Jésù" kan. Òkúta òfuurufú ni. Òmíràn ń sá ju kìlómítà 20 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló fi ń gbóná tó ń tàn. Kò sì sí lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kankan.

Ọmọ Àkúrẹ́: Ẹ rọra o. Nígbà tí nǹkan bú lọ́nà Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹta 2020, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní OAU ní òkúta ọ̀run ni, gómìnà ní ọkọ̀ tó kó ohun abúgbàù ni. Ta ni ká gbà gbọ́?

Físíìsì Ò Le: Gómìnà ni mo gbà gbọ́. Ní Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà, 2013, kámẹ́rà inú ọkọ̀ ká iná náà kí ariwo tó dé. Àwọn tó sáré lọ wòran lójú fèrèsé ni gíláàsì bú mọ́. Ó lé ní 1,000 èèyàn tó fara pa. Ní Àkúrẹ́, ta ló rí iná lójú ọ̀run?

Ọmọ Àkúrẹ́: Òru ni, a ti sùn.

Wolé-wolé: Ṣé òkúta yìí kì í wá sí Nàìjíríà ni?

Físíìsì Ò Le: Ó ń wá. Zagami, ní Kàtsínà, 1962: ó bọ́ sóko àgbàdo, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀. Kìlógíráàmù 18. Láti pílánẹ́ẹ̀tì Mars ló ti wá!

Ọmọ Oníṣàngó: Ó bọ́ sẹ́bàá àgbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n tiwa ò lè bọ́ sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́?

Físíìsì Ò Le: Ariwo ló máa sọ. Tó bá jẹ́ ìtòsí, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa gbọ́. Tó bá jìn tó kìlómítà 80, á gba bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Màmá, ṣé kíá ló dún?

Ìyá Alákàrà: Ẹ jẹ́ n rántí. Ọlọ́kadà kan ti jẹ àkàrà mẹ́ta, ó ti mumi, ó ti ń ná ìkẹrin lọ́wọ́ mi kó tó dún.

Wolé-wolé: Àkàrà tútù àbí gbígbóná?

Ìyá Alákàrà: Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú epo jáde ni.