Kí n rí orúkọ ẹni tó ń ṣí fáìlì mi

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ní mo ti tún gbé wàhálà mi dé, mi ò bá NIN, nọ́mbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, jà o. Mo ti gba tèmi tipẹ́, kò sẹ́ni tí ò ní in nílé wa. Ọ̀rọ̀ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa pín dátà wa, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa wa, láàárín ara wọn ló gbé mi dìde. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé gbogbo ìgbà tí ìjọba bá ti fẹ́ gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n á ní ká fọkàn tán àwọn, àmọ́ kò síbi tá a ti lè yọjú wo ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Ẹ rántí December 2020. Kòrónà wà nílẹ̀, ìjọba ń pariwo ká jìnnà síra wa, NCC, àjọ tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ fóònù, wá ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, láìnì tí ò bá ti ní NIN, wọ́n á tì í pa. Ẹ ò lè gbàgbé bí èrò ṣe ya bo ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, káàkiri, arúgbó ń to látìdájí, kò sí ìbòmú kò sí nǹkan kan. Wọ́n sún ọjọ́ yẹn síwájú, wọ́n tún un sún (a kúkú mọ̀ wọ́n), kó tó wá di April 4, 2022 tí wọ́n dí àwọn láìnì tí ò tíì so pọ̀, o ò lè pe ẹnikẹ́ni jáde. Kí ni wọ́n sọ pé ó fà á? Ọ̀rọ̀ ààbò ni, àwọn ajínigbé, pé tí gbogbo síìmù bá ti ní olówó, ẹni tó bá fi fóònù béèrè owó ìtúsílẹ̀, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n ti máa mú un.

Ó dáa. Ní January 2024, Pantami tó jẹ́ mínísítà nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn lé wa kiri, òun fúnra ẹ̀ ló wà lórí X tó ń bá wọn wá owó tí wọ́n máa fi gba àwọn ọmọbìnrin kan tí wọ́n jí gbé ní Abuja sílẹ̀, ó wá ní ohun tó dun òun ni pé àwọn tó yẹ kó máa fi NIN àti síìmù yẹn mú ọ̀daràn ò lò ó. Mo kà á, mo tún un kà.

Ní báyìí, láti January 2026, NIN yẹn kan náà ti di nọ́mbà owó orí. Mi ò ní ká má san owó orí o, mo sì gbà pé nọ́mbà kan sàn ju mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí wọ́n bá wa sọ nìyẹn lọ́jọ́ tá a wà lórí ìlà? Wọ́n gbà á nítorí ajínigbé, ajínigbé ṣì ń pè, nọ́mbà sì ti ń ṣiṣẹ́ mìíràn. Ọ̀la ńkọ́?

Àwọn àgbà wa kúkú ti mọ̀ ọ́n. A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Tí wọ́n bá ti rí ẹni tó gbé ìwé dání tó ń ka orí, wọ́n ti mọ̀ pé owó orí ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ bi àwọn tó mọ ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nítorí owó orí. Àwa wá ń pè wọ́n ní aláìmọ̀wé. Kódà ìjọba ò gba ìjọba gbọ́: ní 2006, àjọ tó ń ka èèyàn ní mílíọ̀nù 9 lé díẹ̀ ló ń gbé Èkó, ìjọba Èkó lọ ka tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní mílíọ̀nù 17.5. Tí àwọn ò bá lè gbọ́ra wọn yé, kí ni kí èmi ṣe?

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni ti June 2024. Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, jáde, wọ́n ní sáìtì kan wà tó ń ta NIN àti BVN ọmọ Nàìjíríà ní ₦100. Ọgọ́rùn-ún náírà! Kò ra ẹyin kan. Wọn ò sì sọ ọ́ lásán, wọ́n ra NIN slip Bosun Tijani, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. NIMC fèsì pé kò sẹ́ni tó já wọ dátàbéèsì àwọn. Ẹ gbọ́, ó lè jẹ́ òótọ́ o, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fọ́lẹ̀kùn, ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ló ń ta ẹrù. Àmọ́ èmi tí wọ́n lè ti ta nọ́mbà mi, èwo ló kàn mí níbẹ̀? Ṣé tèmi wà lára ẹ̀? Ta ló rà á? Ìdáhùn tí mò ń wá nìyẹn, kì í ṣe "ọkàn yín balẹ̀".

Òfin wà o. Tinubu fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo dátà ní June 2023, ó sì wà níbẹ̀ pé tí dátà bá jò tó sì lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi sọ fún NDPC, àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó ni ín tí ewu ẹ̀ bá pọ̀. NDPC bu ìtanràn ₦766 mílíọ̀nù fún Multichoice ní July 2025, mo pàtẹ́wọ́. Iléeṣẹ́ aládàáni rọrùn láti nà jàre. Ọjọ́ tí mo bá rí i tí wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí àjọ ìjọba, mo máa san owó ọtí.

Ẹ má sì rò pé òkè nìkan ló ń jò. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan wà ládùúgbò wa, tó o bá fẹ́ tẹ slip jáde, ọmọ ibẹ̀ á ní kó o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp òun. Mo yọjú wo ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀: slip àwọn èèyàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́, fọ́tò, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, ti àwọn tó wá lọ́dún tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá kàn jókòó ta géèmù á rí gbogbo ẹ̀. Ọmọ yẹn ò níwà burúkú o, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó máa pa á rẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ NIMC ti gbé vNIN jáde láti 2022, nọ́mbà onígbà díẹ̀ tó máa ń kú lẹ́yìn wákàtí 72, ká lè yéé gbé ojúlówó kiri. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ẹ gbé e lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣí àkáǹtì kẹ́ ẹ wo ojú tí wọ́n máa fi wò yín, fọ́tòkọ́pì ni wọ́n ń bèèrè.

Àwọn ará wa ní London náà á rántí 2021 tí NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, fẹ́ kó fáìlì àwọn aláìsàn lọ́dọ̀ dókítà wọn jọ sójú kan, tí wọn ò sì pariwo ẹ̀ tó. Láàárín oṣù kan, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1 ní kí wọ́n yọ tàwọn kúrò, wọ́n sì dá a dúró. Britain nìyẹn o, níbi táwọn èèyàn ti fẹ́ràn NHS ju ìjọba fúnra ẹ̀ lọ.

Ti Estonia ló wù mí. Wọn ò tó mílíọ̀nù 2. Láti 2001 ni wọ́n ti ń lo X-Road, tí iléeṣẹ́ ìjọba kan fi ń béèrè ohun tó bá nílò lọ́wọ́ èkejì láìkó dátà gbogbo ìlú jọ síbì kan. Ará ìlú á wọlé sórí sáìtì ìjọba, á rí iléeṣẹ́ tó wo àkọsílẹ̀ òun àti ìgbà tó wò ó. Tí òṣìṣẹ́ kan bá kàn ń wá ibi tí ìyàwó àtijọ́ ẹ̀ kó lọ, obìnrin yẹn máa rí i pé wọ́n wo tòun, ó sì lè fẹjọ́ sùn.

Irú ẹ̀ ni mò ń bèèrè. Kì í ṣe báńkì tí mo fún láyè nìkan ni kí n rí o, títí dé ọlọ́pàá, títí dé òṣìṣẹ́ NIMC fúnra ẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́, ọjọ́, aago, ìdí tí wọ́n fi ṣí i. Kí wọ́n fi sórí USSD pẹ̀lú, torí ìyá mi ò ní fóònù ńlá, kó wà ní Yorùbá. Kí wọ́n ṣe ìyẹn ná, lẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n wá bá mi sọ pé iléeṣẹ́ ìjọba fẹ́ máa pín dátà mi láàárín ara wọn.